Kárià tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Etí Yàn

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í fi ojú ra nǹkan. Bó bá fẹ́ ra ìkòkò, á kàn án kó, á gbọ́ ohùn rẹ̀. Bó bá fẹ́ ra ọparun, á fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá a, á tẹ́tí. Nígbà tó fẹ́ fẹ́ ìyàwó, ẹ̀rín ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ gbọ́ láti ẹ̀yìn ọgbà, kó tó mọ̀ bóyá ó pupa tàbí ó dúdú. Nítorí náà kò yẹ kó yà mí lẹ́nu pé bó ṣe ra kárià, irin tí wọ́n ń dè mọ́ orí mọ́tò láti fi ru ẹrù, nìyẹn. Ó yà mí lẹ́nu ṣá o, ó sì tún bí mi nínú, torí èmi ni mo jókòó sẹ́yìn mọ́tò náà.

Deraman lorúkọ rẹ̀. Gbogbo abúlé wa, Kampung Nibong ní Kelantan, ń pè é ní Pok Deraman, bí ẹni ń sọ Bàbá Deraman. Èmi àbúrò rẹ̀, Mok Su ni wọ́n ń pè mí, torí èmi ni mo gbẹ̀yìn nínú ọmọ ìyá wa. Inú ilé kan náà là ń gbé látìgbà tí ọkọ mi àti ìyàwó rẹ̀ ti kú, àràárọ̀ la sì ń bá ara wa jà kí kọfí tó hó. Ẹni tó bá gbọ́ wa lójú títì á rò pé a ò fẹ́ràn ara wa. Irọ́ ni.

Wau niṣẹ́ rẹ̀, wau olóṣùpá, káìtì ńlá olókùn tí wọ́n ń mú fò lẹ́yìn ìkórè ìrẹsì. Egungun rẹ̀ ọparun ni, awọ rẹ̀ bébà tó ń dán, tí wọ́n gé òdòdó sí lára ní ìpele ìpele. Lórí wau náà ni wọ́n máa ń de ọrun kékeré kan mọ́, tí wọ́n fi ewé pẹlẹbẹ ta bí okùn. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kọlu ewé náà, wau á máa kùn lókè bí agbo oyin. Ọ̀pọ̀ ló mọ òdòdó gé, ọ̀pọ̀ ló mọ wau mú fò. Ní ti ká ṣe ọrun tó mọ ohùn rẹ̀, Deraman kò ní ẹlẹ́gbẹ́ láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Tumpat. Bó ti wù kí n bú u tó, mi ò ní fi ìyẹn dù ú.

Àìsàn ojú ló wá dé. Irú èyí tí kì í dunni, tó kàn ń jí ìmọ́lẹ̀ kó láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ láàárín. Dókítà ní Kota Bharu sọ fún un pé oògùn tí wọ́n ń kán sójú lè mú un falẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ kò ní padà. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ohun tó ṣẹ́kù tó ń rí kò ju ohun tí èèyàn ń rí látinú ihò kọ́kọ́rọ́. Síbẹ̀ ó ṣe wau kan. Ó gbé bébà sún mọ́ imú, ó ń gé òdòdó díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi, ó ń nu ojú, ó tún ń gé. Ó ní ìkẹyìn nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí wau náà dé etí òkun Geting lódindi lọ́jọ́ ìdíje wau ọdọọdún, kó gòkè, kí òun sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín ohùn àwọn yòókù. Bó bá ṣẹ́ lọ́nà, kò sí ojú tó máa fi ṣe òmíràn.

Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Lọ́dún tó ṣáájú, orí ọkọ̀ ẹrù ló gbé wau lọ, láàárín àwọn àga tí wọ́n ń kó lọ síbi ìgbéyàwó. A ò tíì kọjá afárá tán tí apá òsì wau fi ṣẹ́ sí méjì. Deraman fi ọwọ́ tọ́ ojú ibi tó ti ṣẹ́, ó ní kò burú. Nígbà tá a délé, ó lọ jókòó sẹ́yìn ilé, kò jẹun, kò sì bá mi jà. Ìgbà tí kò bá mi jà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára.

Ìdí nìyẹn tí Salwani ọmọbìnrin rẹ̀ fi sọ lórí fóònù pé, "Ẹ má wá ọkọ̀ ẹrù kankan, Bàbá. Èmi ni mo máa gbé e." Kuala Lumpur ni Salwani ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tún ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè nínú ilé gíga ṣe. Deraman máa ń sọ fáwọn èèyàn pé iṣẹ́ kan náà ni òun àti ọmọ òun ń ṣe, pé okùn làwọn méjèèjì fi ń gbé nǹkan lọ sókè, tòun nìkan ni kì í lo iná ìjọba.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ló dé, pẹ̀lú mọ́tò pupa kékeré rẹ̀, èyí tí kò ní ìrù lẹ́yìn, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí lọ sókè. Bàbá rẹ̀ gbọ́wọ́ lé òrùlé mọ́tò náà, ó fọwọ́ pa á láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi dé òpin.

"Mọ́tò tó máa gbé wau dà?" ló bi í.

"Òun lẹ gbọ́wọ́ lé yẹn."

"Ata rodo yìí?"

"Ata rodo kì í ṣe ẹgbẹ́ tàtàṣé, Bàbá. Ẹ̀ ń mọ̀ ọ́n kéré ni."

"Wau mi ò lè wọ inú rẹ̀ láéláé."

"Ta ló sọ inú? Orí rẹ̀ ni mo ń sọ."

"Orí tó ń dán bí ẹyin. Kí lo máa dè é mọ́?"

"Ìyẹn la máa lọ rà lọ́la," ni Salwani wí, ó sì wọlé lọ bi mí pé kí ni mo sè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ràn láti máa wo ọmọ yẹn bó bá ń ṣiṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó mú ọ̀pá ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó fi wọn ìbú òrùlé níwájú, ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn, torí ó ní kò dọ́gba, iwájú ló fẹ̀ jù. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sókè pátá, ó wo ibi tí etí rẹ̀ máa dé, kí irin kárià má bàa wà níbi tí wọ́n á ti forí gbárí. Ó ka ìwé mọ́tò náà láti mọ iye ẹrù tí orí rẹ̀ lè rù. Ó ní mọ́tò ńlá máa ń ní irin méjì lórí látilé iṣẹ́ wá, tí kárià á gùn lé. Tirẹ̀ kò ní. Nítorí náà, ẹsẹ̀ kárià tó máa rà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó ń di etí òrùlé mú níbi ojú ilẹ̀kùn, bí akàn ṣe ń di ìka mú.

"Gbogbo ìwọ̀n yìí nítorí wau tí kò tó ìdajì àpò ìrẹsì," ni Deraman wí.

"Wau kò wúwo, Bàbá. Afẹ́fẹ́ ló wúwo. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi."

Deraman bẹ̀rẹ̀ sí họ ẹsẹ̀. Mo rí i pé inú rẹ̀ dùn, àmọ́ ó díbọ́n bíi pé ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì a lọ sí ṣọ́ọ̀bù Kok Weng ní Wakaf Bharu. Kok Weng ń ta táyà, rọ́ọ̀gì mọ́tò àti oríṣiríṣi irin. Bí baba bàbá rẹ̀ tilẹ̀ ti China wá, èdè wa ti Kelantan dùn lẹ́nu rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ wa lọ. Ó kọ́kọ́ gbé agbọ̀n irin ńlá kan jáde, tí wọ́n tú lára jíìpù. Salwani gbé e sókè díẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.

"Òun nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹrù tí orí mọ́tò mi lè rù," ló wí. "Ká tó gbé wau lé e, orí á ti fọ́ ọ."

Kok Weng tún gbé méjì wá. Ẹsẹ̀ wọn bára mu, wọ́n sì bá mọ́tò rẹ̀ mu. Irin wọn nìkan ló yàtọ̀. Irin àkọ́kọ́ tẹ́ pẹlẹbẹ, etí rẹ̀ rí roboto bí ẹ̀yìn ẹja. Irin kejì jẹ́ onígun mẹ́rin, wọ́n fi rọ́bà dúdú bò ó. Salwani ti ń na ọwọ́ sí ẹlẹ́yìn ẹja nígbà tí bàbá rẹ̀ ní kó dúró. Ó tẹ èékánná mọ́ irin pẹlẹbẹ náà, ó kàn án. Ó dún kú. Ó kan onígun mẹ́rin. Ìyẹn dún gbọọrọ, ohùn rẹ̀ ń lọ, ó ń lọ, ó rọra kú.

"Èyí," ni Deraman wí.

"Pok, ṣé kárià lẹ wá rà ni àbí agogo?" ni Kok Weng bi í.

"Irin tó bá lóhùn kò ní àrùn nínú. Ìwọ Kok Weng, ṣé wàá fi ọparun tó yadi ṣe àkàsọ̀?"

"Mi ò fi ọparun ṣe nǹkan kan. Irin ni mò ń tà."

Salwani sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. "Bàbá, irin onígun mẹ́rin máa ń pariwo nínú afẹ́fẹ́. Ẹlẹ́yìn ẹja ni kì í pariwo."

"Kó pariwo. Látọjọ́ tí mo ti ń bá afẹ́fẹ́ ṣeré, kò tíì fi ariwo lé mi sá."

Ọmọ náà wò mí. Mo kọjú sí táyà, mò ń ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, èmi tí mi ò mọ̀wé. Kí ni kí n sọ? Wau bàbá rẹ̀ ni, ìkẹyìn sì ni. Salwani tún yẹ ẹsẹ̀ ti onígun mẹ́rin náà wò, ó fi ìka tẹ rọ́bà abẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ dáa. Ó lè gbà á. Ẹ jẹ́ ká mú ti Bàbá."

Abẹ́ igi ràmbútàn eléso tó wà nílé wa ni Salwani ti dè é. Ó kọ́kọ́ fọ etí òrùlé, ó nù ún gbẹ, torí ó ní iyanrìn kékeré tó bá wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kárià á máa họ ọ̀dà mọ́tò jẹ. Ó lẹ téèpù síbi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa wà. Ó ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ gbayawu, ó gbé irin iwájú lé e, ó fi ọ̀pá ọparun náà wọn apá ọ̀tún, ó wọn apá òsì, ó sún un bí ìbú èékánná kan. Lẹ́yìn náà ló wá mú sípánà kékeré kan tó tẹ̀ kọdọrọ. Ó yí apá ọ̀tún díẹ̀, ó lọ sí apá òsì, ó yí ìyẹn díẹ̀, ó tún padà. Mo ní kí ló dé tí kò yí ẹ̀gbẹ́ kan tán kó tó lọ sí èkejì. Ó ní bí òun bá fún ẹ̀gbẹ́ kan pa, á fa irin náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì ò ní jókòó dáadáa mọ́.

Nígbà tó parí, ó di irin náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì mì í tagbáratagbára. Mọ́tò mì tìtì.

"Bí ẹ bá mì í tí mọ́tò mì, ó dáa nìyẹn," ló wí. "Bí kárià bá dá mì, kò dáa."

Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló jogún, ọwọ́ tí kì í kánjú, tí kì í sì í ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Mo wò ó títí ìrẹsì mi fi jóná.

Ó ní ká kọ́kọ́ gbé kárià náà jáde lófìfo. Deraman jókòó níwájú, èmi jókòó lẹ́yìn, a bọ́ sí ọ̀nà àárín oko ìrẹsì. Nígbà tí mọ́tò ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, kò sí nǹkan. Bó ti ki eré mọ́lẹ̀ báyìí, irin iwájú bú sí orin. Kì í ṣe orin kékeré. Ó ń hu gooro, ó ń wọ inú eyín mi lọ. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ inú omi sá. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fèrèsé, ó yọ orí síta bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ọ," ló ń wí. "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohùn ọrun mi dọ́gba. Ó kù díẹ̀ kó dọ́gba."

"Etí mi ń ya," ni mo sọ.

"Etí rẹ ti ya tipẹ́, Su. Àìgbọ́ràn ló ya á."

Salwani kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó yí mọ́tò padà, ó wá a dé abẹ́ igi ràmbútàn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó di irin iwájú mú, ó mì í. Mọ́tò dúró. Irin ló mì.

Ẹsẹ̀ iwájú apá òsì ti sún kúrò lórí téèpù. Rọ́bà ilẹ̀kùn ló ká sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dè é, ni ẹsẹ̀ náà bá ń jí rìn díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà tá a rìn. Salwani kò sọ ju "Ká ní wau ti wà lórí rẹ̀" lọ. Deraman wá ibẹ̀ dé, ó fi ìka tọ́ téèpù, ó tọ́ ẹsẹ̀ irin, ó wọn àárín wọn. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀ pátá.

"Mi ò gbọ́ ọ," ló wí.

"Ẹ ò lè gbọ́ ọ, Bàbá. Irin yẹn ń kọrin bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀."

"Ẹsẹ̀ tó ń tú ní ohùn tirẹ̀. Ó yẹ kí n gbọ́ ọ." Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi. "Mo fi etí yàn án, òun náà ló wá dí mi létí."

Èébú ti wà lẹ́nu mi, èyí tó dáa gan-an, tí mo ti ń pọ́n bọ̀ látorí ọ̀nà. Mo gbé e mì. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí.

Salwani pe Kok Weng pé òun fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ sí ẹlẹ́yìn ẹja. Kok Weng ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó ti wà ní Pasir Mas níbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àárọ̀ ọ̀la ni ìdíje. Ọmọ náà tú ẹsẹ̀ kárià, ó fa rọ́bà ilẹ̀kùn sí ibi tó yẹ kó wà, ó sì tún un dè. Ìyẹn yọrí. Orin ló kù.

Ìgbà náà ni Deraman dìde. Ó wọlé, ó mú okùn wau jáde, èyí tó nípọn, ó sì ní kí Salwani mú ìdí rẹ̀ dání. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wé e mọ́ irin iwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ejò ṣe ń wé mọ́ ẹ̀ka igi. Kò wo ohun tó ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò ó.

"Ẹ ò jẹ́ kó sún mọ́ra?" ni Salwani bi í.

"Rárá. Jẹ́ kí ìyí kan jìnnà sí èkejì bí ìka mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ tó bá rí etí gbọọrọ á fẹ́ lé e, á sì kọrin. Bó bá ń kọsẹ̀ káàkiri, kò ní rójú kọrin."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ọrun tó bá ń ké jù, bá a ṣe ń pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Ó yẹ kí n ti rántí."

Salwani bọ́ sí irin ẹ̀yìn, ó ń wé tirẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ti wé e. Mo wo àwọn méjèèjì lórí mọ́tò kékeré yẹn, ọ̀kan ń wé okùn, ọ̀kan ń ta kókó, iṣẹ́ wọn sì ń bára mu. Orí mi wú. Nígbà tá a tún gbé e jáde, irin ò dún mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi di ojú méjèèjì, ó tẹ́tí, ó ní, "Báyìí, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Salwani bi í pé báwo ni ká ṣe tẹ́ wau náà. Mo rò pé á ní kó kọjú sókè káwọn èèyàn rí òdòdó rẹ̀. Ó ní rárá, bó bá kọjú sókè, á fẹ́ fò. "Dojú rẹ̀ délẹ̀. Lójú ọ̀nà, kó sùn. Ní pápá, kó jí." Wọ́n fi aṣọ ìró mi méjì tẹ́ sórí irin, wọ́n gbé wau lé e, wọ́n de egungun rẹ̀ mọ́ ọn níbi tí ọparun ti nípọn. Ọrun rẹ̀ nìkan ni Deraman tú, ó gbé e lé itan, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e.

A rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Àwọn mọ́tò ń kọjá wa, wọ́n ń fọn fèrè, àwọn ọmọ ń na ọwọ́ sí wau láti ojú fèrèsé. Mi ò lè wo nǹkan kan. Afárá nìkan ni mò ń wò níwájú, torí ibẹ̀ ni tèṣí ti ṣẹ́. Ó kù díẹ̀ ká gun orí rẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fi gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró."

Salwani kò bi í pé kí ló dé. Ó ya mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"Ẹsẹ̀ iwájú, apá òsì," ni Deraman wí.

Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o, àfi ẹ̀rọ mọ́tò. Salwani sọ̀ kalẹ̀, ó ti sípánà bọ̀ ọ́, ó yí i. Ó yí ní ìdajì kó tó le. Ó dúró wo sípánà náà, ó wá yẹ ẹsẹ̀ mẹ́ta yòókù wò, ìyẹn ò mira. Nígbà tó wọlé padà, ó ní rọ́bà tuntun máa ń rì díẹ̀ bó bá kọ́kọ́ rìn, òun ti ní in lọ́kàn pé nígbà tá a bá kọjá afárá lòun máa dúró yẹ̀ ẹ́ wò.

"Afárá gan-an ló burú níbẹ̀," ni Deraman wí.

"Mo ti gbọ́, Bàbá," ló dá a lóhùn, ó sì wa mọ́tò lọ. A gun afárá, afẹ́fẹ́ odò kọlù wá láti ẹ̀gbẹ́, irin kan ò dún, okùn kan ò tú, a sì sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè ketekete.

Wau náà dé Geting lódindi. Òdòdó kan kò ya lára rẹ̀. Deraman de ọrun rẹ̀ padà mọ́ ọn lórí, ó fi ètè kan ewé náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó mi orí. Salwani ló gbé wau náà dání lọ́hùn-ún, bàbá rẹ̀ di okùn mú níhìn-ín. Nígbà tí afẹ́fẹ́ òkun dé, bàbá kígbe sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Salwani ju wau sílẹ̀, wau sì gòkè bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Àwọn wau mìíràn pọ̀ lókè nígbà náà, gbogbo wọn ń kùn. Èmi tí ojú mi dá ṣáṣá, tiwa ti dàrú mọ́ mi lójú láàárín wọn.

"Èwo ni tiwa?" ni mo bi í láti dán an wò.

Ó na ìka sókè, apá ọ̀tún díẹ̀, ju àwọn yòókù lọ. Mo tẹ̀ lé ìka rẹ̀. Òṣùpá wa ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú òdòdó tó fi imú gé. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀gbọ́n mi, kì í sì í ṣe oògùn tí wọ́n kán sí i. "Ohùn rẹ̀ dáa, Su," ló wí. "Kò sí èyí tí mo ṣe tí ohùn rẹ̀ dáa tó yẹn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò rí èébú kankan fi kún un.

Àwọn adájọ́ fún un ní ipò kẹrin. Mo bú wọn dé ilé.

Lọ́jọ́ tí Salwani máa padà sí Kuala Lumpur, ó mú sípánà jáde láti tú kárià náà, ó ní á máa jẹ epo lásán. Bàbá rẹ̀ ní kó fi sílẹ̀. Ó rìn yí mọ́tò ká, ó tú kókó tó wà ní ìparí okùn iwájú, ó sì ta òmíràn síbẹ̀.

"Kókó wau nìyí," ló wí. "Bó o bá fà á lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á tú. Má tú u lójú ọ̀nà, kó má bàa ya ọ́ létí. Bó o bá ń bọ̀ wálé tó o dé oríta, ibẹ̀ ni kó o ti tú u."

"Kó lè máa pariwo?"

"Kó lè máa kọrin. Ó pẹ́ tán, mi ò ní lè fi ojú mọ mọ́tò rẹ láàárín mọ́tò mọ́. Mo fẹ́ máa mọ̀ pé ìwọ ni."

Salwani kọjú sí táyà ẹ̀yìn, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, táyà tí nǹkan kan ò ṣe. Èmi ní tèmi sunkún ní gbangba, mi ò ní nǹkan tí mò ń fi pa mọ́.

Kí ọdún ààwẹ̀ tó tẹ̀ lé e tó pé, ihò kọ́kọ́rọ́ náà ti dí. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ọdún ku ọ̀la, gbogbo ọmọ Kampung Nibong tó wà lẹ́yìn odi ló ń wọlé, mọ́tò ń lọ mọ́tò ń bọ̀, àwọn ọmọ ń yin bàǹgà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń jà lórí iyọ̀ inú budu, omi ẹja kíkan tá a fi ń jẹ ìrẹsì. Láàárín ìjà náà ló gbé orí sókè, ó tẹ́tí.

"Gbé omi kaná, Su. Salwani ti dé oríta."

Mo wo ọ̀nà. Pẹ́pẹ́yẹ ni mo rí, àti ọkọ̀ ẹlòmíràn. Mo gbé omi kaná bákan náà, torí mo ti kọ́gbọ́n. Omi ò tíì hó tí mo fi gbọ́ ọ, orin burúkú yẹn, ó ń bọ̀ láàárín oko ìrẹsì, ata rodo wa sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde dúró, ó ti di òpó mú, gbogbo ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

"Lọ pàdé rẹ̀," ló sọ fún mi. "Sọ fún un pé ẹsẹ̀ iwájú apá òsì ti tú díẹ̀."